Ohun Tí Àsàkẹ́ Fi Ekùrọ́ Kọ

Abà Láníyọnu,
Ọ̀nà Lálùpọn,
Ìbàdàn.

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ awakọ̀ nínú ọjà, ó sì gbé e wá bá mi lóko. A ti gbọ́ pé wọ́n ti fún ọ ní iṣẹ́ tísà ní Mọ́níyà, àti pé kíláàsì kẹrin ni wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́. Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, n ò ní tún un sọ mọ́, nítorí pé ohun tó kù tí mo fẹ́ kọ sínú ìwé yìí kò dùn rárá.

O ní nígbà tí ẹ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n kó yín lọ wo ẹ̀rọ kan nígboro Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà. O ní ó tóbi tó yàrá, kò sì ní ọgbọ́n tirẹ̀, ohun tí wọ́n bá kọ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe, àmì méjì péré ló sì fi ń ka ohun gbogbo. O ní bí o ṣe dúró níwájú rẹ̀, eré tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ abà wa nígbà tí o wà ní kíláàsì kejì ló sọ sí ọ lọ́kàn. Ìwọ náà fẹ́ fi eré yẹn kọ́ àwọn ọmọ tìrẹ, kí wọ́n fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara wọn mọ bí èèyàn ṣe ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, kí wọ́n tó fi ojú kan ẹ̀rọ náà. O wá bi mí ní ohun méjì: báwo ni mo ṣe ń ṣe é, kí ló sì dé tí mo fi pa á tì.

Ìdáhùn kìíní rọrùn. Ìkejì ti há mi lọ́fun láti bí ọdún mẹ́wàá.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn bàbá abà yìí fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé alámọ̀, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n ní ilé-ìwé dé. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì mi, ìwé kíkà mẹ́sàn-án la ní. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo rò pé mo gbọ́n ju gbogbo àwọn tó ṣáájú mi lọ.

Ní ọjọ́ kan, mo ní kí Gàníyù gbé garawa lọ sí odò kó sì padà wá kíá. Ó lọ, ó padà wá kíá, garawa ṣófo. Mo ní, "Omi dà?" Ó ní, "Tísà, ẹ ò ní kí n pọn omi." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé ọmọ náà ló jàre. Ohun tí mo sọ ló ṣe. Ohun tí mo ní lọ́kàn kọ́ ló gbọ́.

Ibẹ̀ ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi igi fa ojú ilé onígun mẹ́rin sí ilẹ̀ ìta ilé-ìwé, mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró. Mo gbé ọsàn kan sí ọ̀kan nínú wọn. Mo fi aṣọ di ojú ọmọ kan, a sì sọ ọ́ ní Agbọ́ràn. Agbọ́ràn kò gbọdọ̀ ronú, ohun tí wọ́n bá kà sí i létí nìkan ni yóò ṣe. Àwọn ọmọ yòókù á kọ àṣẹ sára síléètì, ìlà kan fún àṣẹ kan: Rìn mẹ́ta. Yà sí ọ̀tún. Rìn méjì. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mú ọsàn. Bí wọ́n bá gbàgbé láti kọ "bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀," Agbọ́ràn á dúró ṣánṣán, á máa fi ọwọ́ gbá afẹ́fẹ́. Nígbà tó yá, mo kọ́ wọn ní "bí": bí ẹsẹ̀ rẹ bá kan òpó, yà sí òsì. Mo sì kọ́ wọn ní "títí": máa rìn títí ẹsẹ̀ rẹ á fi kan òpó. Ọmọ tí kò lè ka ojú ewé kan tán nínú ìwé ń jókòó sínú oòrùn, ó ń wá ìlà tó ṣì lára síléètì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Ohun kan ni mo máa ń tẹnu mọ́ fún wọn, jọ̀wọ́ rántí rẹ̀, torí mo máa tún kàn án. Mo máa ń sọ pé bí Agbọ́ràn bá ṣìnà, ẹ má bá Agbọ́ràn wí. Ẹ padà lọ wo ohun tí ẹ kọ. Inú ìwé ni àṣìṣe wà.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi fún ọ, kí o lè rí ohun mú níbẹ̀.

Èkíní. Gàníyù yìí kan náà kọ "òsì" níbi tó yẹ kó kọ "ọ̀tún," ọmọ tí a di lójú sì fi imú gbá òpó, ẹ̀jẹ̀ dà. Ẹ̀rù bà mí. Dípò kí n sọ pé ẹ̀rù bà mí, mo na Gàníyù ní ẹgba mẹ́fà. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti fẹ́ ṣe eré, á ní, "Tísà, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ." Bẹ́ẹ̀ òun ni eré náà ti ara rẹ̀ jáde. Ọmọ mi, má ṣe na ọmọ nítorí àṣẹ tó ṣì. Àṣìṣe yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Bí o bá nà án lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe àṣìṣe ló máa jáwọ́ nínú rẹ̀, kíkọ ló máa jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìwọ fi aṣọ tàbí tìmùtìmù wé òpó rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kò wé e, mo wá fi ẹgba bo àìnírònú ara mi mọ́lẹ̀.

Èkejì. N kò pe òbí kankan kó wá wò ó. Mo rò pé àgbẹ̀ ni wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ohun tí èèyàn kò bá rí, á fi ẹnu ara rẹ̀ parí rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ pé Tísà ń di ojú ọmọ, pé Tísà ní kí ọmọ má ronú. Ìyá kan ní ìjọ Aládùúrà wa gbé omi àdúrà wá fún ọmọ rẹ̀ mu kó tó jáde nílé. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní mo ti pe obìnrin yẹn wá síta ilé-ìwé, kí òun fúnra rẹ̀ pàṣẹ fún Agbọ́ràn, ì bá ti rẹ́rìn-ín, ì bá sì ti bá mi tún un sọ fún àwọn tó kù. Pe àwọn òbí rẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Jẹ́ kí wọ́n ṣe eré náà kí àwọn ọmọ tó ṣe é. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ̀kẹta. N kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ohun tí mo fi ọdún kan kọ́ wọn kò sí nínú ìwé ìmúrasílẹ̀ mi, nítorí pé mò ń bẹ̀rù ọ̀gá. Nígbà tí ọjọ́ wá dé tí mo nílò láti gbèjà rẹ̀, kò sí ìwé tí mo lè nà jáde. Máa kọ tìrẹ sílẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tó dára àti èyí tó bàjẹ́.

Èyí tó kù, n ò lè fi nọ́ńbà sí i.

Bóyá o rántí Àsàkẹ́. Ọmọ Làmídì ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń gbin kòkó ní òdìkejì odò, ìdílé mùsùlùmí tó máa ń fún wa ní ẹran ọdún. Ó lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Nígbà tí eré àṣẹ ti mọ́ wọn lára, mo kọ́ wọn ní ìwé alámì méjì. Nǹkan méjì péré la ń tò, márùn-ún lórí ìlà kan, ìlà kan sì ni lẹ́tà kan. Àgbàdo àti ẹ̀wà la kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n àwọn adìyẹ ìyàwó ọ̀gá jẹ gbólóhùn kan tán kí a tó kà á, la bá yí i padà sí ekùrọ́ àti òkúta wẹ́wẹ́. Ọmọ tó wà nídìí igi máńgòrò á to ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọmọ tó wá láti inú kíláàsì á kà á. Àsàkẹ́ kò tilẹ̀ ń wo àtẹ tí mo kọ sára ògiri. Ó kàn ń kà á bí ẹni ń ka ojú ènìyàn.

Ní ọjọ́ kan ó dúró dè mí lẹ́yìn tí agogo lù. Ó ní, "Tísà, lẹ́tà wa jẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n. Mo to ekùrọ́ àti òkúta ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé tò, ó jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Ó ku méje tí a kò tíì lò."

N kò mọ̀. Èmi tí mo kọ́ wọn, n kò kà á rí. Mo ní, "Kí lo rò pé ká fi wọ́n ṣe?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣe àmì ohùn òkè, ká fi ọ̀kan ṣe ti ìsàlẹ̀. Bí kò bá sí àmì, èèyàn lè kọ nǹkan, kí ẹlòmíràn kà á sí nǹkan mìíràn."

Mo sọ fún ìyá rẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé ọmọ yìí máa ju gbogbo wa lọ.

Kò pẹ́ sí i, ẹ̀gbọ́n Làmídì obìnrin tó ń ṣòwò ní Ìlọrin bí ìbejì, ó sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n fún òun ní Àsàkẹ́ kó máa bá òun gbé wọn. Làmídì gbà. Kò sí ìkà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹni kì í bẹ èèyàn ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí èèyàn kọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa gbéra. Kò sí ẹni tó sọ fún mi.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ti wà ní ilé-ìwé nígbà tí wọ́n wá pè mí. Wọ́n ní wọ́n rí nǹkan lẹ́nu ọ̀nà mi. Èmi àti ọ̀gá ilé-ìwé la jọ lọ. Ìwọ mọ̀ pé orúkọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà fún kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tísà, alábẹ̀wò sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń lọ, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ láìwò mí lójú. Ó ní, "Adéòjó, bí o bá sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wà nínú nǹkan yẹn, wọ́n á ní a ń kọ́ ọmọ wọn ní awo tí àwọn kò mọ̀. Mélòó ló máa kù ní kíláàsì lọ́la? Kí sì ni kí n wá kọ sí iwájú orúkọ rẹ?"

Baálẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àgbà márùn-ún mẹ́fà wà níbẹ̀, gbogbo wọn jìnnà sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ejò ló ká síbẹ̀. Làmídì di ọwọ́ Àsàkẹ́ mú. Lórí ilẹ̀, ekùrọ́ àti òkúta wà ní ìlà mọ́kànlá, wọ́n gún régé, bí ebè ọ̀jáfáfá àgbẹ̀.

Mo kà á kí n tó dúró. *Mo fẹ́ kàwé.* Lẹ́tà mẹ́jọ, àmì ohùn mẹ́ta. Ó fi gbogbo àmì sí i kí n má baà ṣì í kà.

Baálẹ̀ ní, "Tísà, kí nìyí?"

Mo ní, "Eré ọmọdé ni, Baálẹ̀."

Làmídì sún mọ́ mi. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn mí títí dòní. Ó ní, "Ọmọ yìí ló tò ó. Ó ní ìwé ni, ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ lè kà á. Èmi ò mọ̀wé, Tísà. Bó bá jẹ́ ìwé ni, ẹ bá mi kà á. Kí ni ọmọ mi ń sọ?"

Ọkùnrin yẹn fẹ́ mọ̀. Ó dúró dè mí. Ká ní mo kà á sókè, bóyá kì bá yí ìpinnu rẹ̀ padà, bóyá ì bá yí i padà. N kò ní mọ̀ láé, nítorí mo wo ìlà mọ́kànlá yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ní, "Kò sọ nǹkan kan, Bàbá Àsàkẹ́. Ó kàn to òkúta ni."

Àsàkẹ́ ní, "Tísà."

Nígbà tí Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbá a dànù, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìró rẹ̀. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, ọkàn wọn ti balẹ̀. Ọ̀gá gbá mi léjìká. Ní Jímọ̀ wọ́n mú un lọ.

Àwọn àgbà wa ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó ọwọ́ la fi ń ra èké. Èmi gba èrè tèmi lójú ẹsẹ̀. Alábẹ̀wò wá, ó yìn wá, mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo gba ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri yàrá mi. Mo ti jẹ ọ̀gá ilé-ìwé ní ìlú méjì. Ìwọ gan-an, ẹ̀kọ́ tí o kọ́, orí irọ́ yẹn ni mo kọ́ ọ lé. N kò sọ ọ́ kí o lè kórìíra ìwé ẹ̀rí tìrẹ. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Eré náà, n kò lè ṣe é mọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ilé-ìwé tí wọ́n gbé mi lọ, ọmọ kan to ekùrọ́ sílẹ̀, mo sì ní kí gbogbo wọn padà sínú kíláàsì.

Nígbà òjò tó kọjá, mo gbọ́ pé Àsàkẹ́ ti padà, ó ti lọ́kọ, ó ń yan gàrí ní Lálùpọn. Mo lọ bá a. Ó wà nídìí agbada, ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dá mi mọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti yẹ, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Àsàkẹ́, mo ka ohun tó o kọ lọ́jọ́ yẹn."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí gàrí. Ó ní, "Ẹ kà á?"

"Mo kà á. Gbogbo rẹ̀ ló pé. Mo purọ́ ni."

Ó ní, "Tísà, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé inú ìwé ni àṣìṣe máa ń wà. Ní Ìlọrin, bí mo bá gbé àwọn ìbejì sùn, mo máa ń tò ó padà nínú orí mi. Mo ní bóyá mo fi òkúta síbi tó yẹ kí n fi ekùrọ́ sí. Mo tò ó, mo tò ó. Ọdún méjì gbáko ni mo fi wá ibi tí mo ti ṣì í. Nígbà tí n ò rí i, mo ní mo kàn ya òmùgọ̀ ni, mo sì fi sílẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "N ò bínú, Tísà. Gàrí yìí á jóná." Ó yí ojú sí agbada. N kò rí ohun mìíràn ṣe ju kí n máa lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, Morẹ́nikẹ́. Mo dúró níbẹ̀, orí ọmọ wọ́.

Nítorí náà, kọ́ wọn ní eré náà. N kò ní kí o má kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ọ̀nà tí a ń gbà pàṣẹ fún ẹ̀rọ nìkan lò ń kọ́ ọmọ. O ń fi ohùn sí i lẹ́nu ni, ọjọ́ kan á sì fi ohùn náà pè ọ́. Kì í pe èèyàn lọ́jọ́ tó rọrùn. Ọ̀gá rẹ á ti wà níbẹ̀, orúkọ rẹ á ti wà nínú ìwé kan lọ́wọ́ ẹnìkan. Ohun tí ọmọ bá kọ sí ọ, kà á sókè, níwájú ẹni yòówù kó dúró síbẹ̀. Bí ọmọ bá kọ ọ́ dáadáa tí ayé kò sì gbọ́, sọ fún un pé ó kọ ọ́ dáadáa. Má jẹ́ kó máa wá àṣìṣe tìrẹ nínú ìwé tirẹ̀. Bí wọ́n bá lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀, ilẹ̀ wà lóko níbí, ọkọ́ sì wà.

Àdúrà tí bàbá ń gbà fún ọmọ rẹ̀ ni pé kó má rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. N kò lè gbà á fún ọ, nítorí pé o máa rí i. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o ní ìgboyà tí èmi kò ní.

Ìyá rẹ kí ọ. Títí di àárọ̀ yìí, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́jọ́ náà ju ohun tí àwọn ará abà sọ lọ. Mo ka lẹ́tà yìí sí i létí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó dìde, ó lọ ká aṣọ tó sá. Nígbà tó padà wọlé, ó ní kí n má yọ ìlà kankan kúrò nínú rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéòjó.